Fọ́tò ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé: kí ló ń jẹ́ kó rí bàìbàì?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kámẹ́rà lò ni mo wá bá. Àwọn ẹyẹ tó ń wá jẹun lẹ́yìnkùlé mi ni mo máa ń yà láti inú pálọ̀. Lẹ́ǹsì mi dé 300mm, irú èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Lójú kámẹ́rà, fọ́tò á dára. Tí mo bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, bàìbàì ni. Ṣé kí n ra lẹ́ǹsì míì ni?

Àkànjí: Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ fẹ fọ́tò náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ wò ó fínnífínní. Bí ẹyẹ, ewé àti igi bá jọ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Bí ẹ̀ka igi bá mọ́ kedere ṣùgbọ́n tí orí ẹyẹ kò mọ́, ẹyẹ ló mira. Bó bá jẹ́ ewé iwájú tàbí tẹ̀yìn ló mọ́ jù, ibi tí kámẹ́rà fojú sí ni kò tọ̀nà. Àrùn mẹ́ta nìyẹn, oògùn wọn ò jọra.

Fún méjì àkọ́kọ́, shutter speed ni, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì padé. Pẹ̀lú 300mm lọ́wọ́, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 1/320 lọ (ìdá kan nínú 320 ìṣẹ́jú àáyá), ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìkan sì nìyẹn. Orí ológoṣẹ́ kì í dúró sójú kan, bó tilẹ̀ jókòó. Ẹ lo 1/1000 fún èyí tó bà sórí igi, 1/2000 sókè fún èyí tó ń fò. Ohun tó ń mú lẹ́ǹsì dúró jẹ́ẹ́ nínú kámẹ́rà kò lè mú ẹyẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ISO, ìyẹn òǹkà tó ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré. Àmì wínníwínní tí ISO gíga ń mú wá, kọ̀ǹpútà lè dín in kù, àmọ́ ojú ẹyẹ tó ti fà, kò sí àtúnṣe.

Fún ìkẹta, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fojú sí ibi kan péré (focus), kí ẹ gbé e lé ojú ẹyẹ, èyí tó súnmọ́ yín nínú méjèèjì. Tí ẹyẹ bá wà ní mítà 3, ní f/5.6 (òǹkà f ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó; bó bá ṣe pọ̀ sí ni ihò ń kéré sí), ibi tó máa mọ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. F/8 á ràn yín lọ́wọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́ mi, o ní láti inú pálọ̀. Ṣé gíláàsì wà láàárín ìwọ àti ẹyẹ? Bó bá wà, fi ẹnu lẹ́ǹsì súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kó sì kọjú sí i gan-an, má gba igun yà á. Bí òtútù bá wà níta tí ilé sì gbóná, má kàn ṣí fèrèsé kí o máa yà. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń jáde á máa mì níwájú lẹ́ǹsì, kò sì sí ohun tó máa mọ́. Pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, jẹ́ kí yàrá tutù ná.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, ìyá mi. Gíláàsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, igun kan ni mo sì máa ń gbà yà á. Ohun kejì: orí àwo oúnjẹ oníke ni ẹyẹ wà ṣáá, ọgbà ilé sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àkànjí: Ibí gan-an ni mo fẹ́ràn jù! Ẹ ri ẹ̀ka igi kan mọ́lẹ̀ ní bíi mítà kan sí àwo náà. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa bà sí láti dúró de ipò wọn. Ẹ̀ka tín-ín-rín ni o, kó má bo ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rì í, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó ti máa yà, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn. Bí ewé tàbí ọgbà yẹn bá jìnnà sí ẹ̀ka náà ní mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò di àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọ̀, ẹyẹ á sì yọ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kó lè tàn sínú ojú ẹyẹ. Láìsí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn, ojú á kú. Ẹ rẹ ara yín sílẹ̀ dé ibi tí ojú ẹyẹ wà. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ sí ibi tó kọjú sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹyẹ ń forí sọ gíláàsì o. Gbé àwo oúnjẹ súnmọ́ fèrèsé, kó má tó mítà kan, tàbí kó jìnnà ju mítà 10 lọ. Ìtẹ́ tó ní ẹyin tàbí ọmọ, má dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́: Mo gbọ́, mà. Ẹ̀ka kan ti wà nílẹ̀ tí màá lò. Ṣé kí n máa tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?

Àkànjí: Rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa yà á léraléra, kí ẹ wá ṣa èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá gbé e síbí, ẹ kọ shutter speed àti ISO rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ká lè jọ wò ó.