Ọjọ́ tí mo tó dúró ní Lọ́kọ́ja

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹnì kan béèrè ibi tí òun lè kó ọmọ lọ ní Lọ́kọ́ja, ìbéèrè yẹn sì kàn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi fojú kéré ìlú yẹn. Kábà ni mò ń gbé. Lójú tèmi, Lọ́kọ́ja ni ibi tí a ti ń gbé fáìlì kiri ọ́fíìsì ìjọba, tàbí ibi tí a ti ń wọ mọ́tò Àbújá. N ó sọ̀ ní gáréèjì, n ó ra búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá, n ó bá tèmi lọ. Oòrùn ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni àbúrò mi obìnrin sọ ọmọ lórúkọ ní Felele, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja. Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì dání. Ọjọ́ kejì, Sátidé, kò tíì tó aago márùn-ún ìdájí tí ọkọ rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀kùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gun òkè kí oòrùn tó yọ.”

Òkè Patti ló ń sọ. Ọ̀nà wà tí mọ́tò lè gbà débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú tí a bá lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kánfáàsì wọn. Ọ̀nà náà ń lọ́ ni, tó o bá rò pé o ti dé, kọ́nà mìíràn á tún yọ. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ mi jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò lọ mọ́. Orí òkè yẹn lé ní mítà 450 sí ìtẹ́jú òkun, ẹ má fi bàtà sílípáàsì gùn ún.

Nígbà tí a débẹ̀, ẹnu yà mí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ilé ìsinmi Lugard, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ gómìnà nígbà amúnisìn, wà níbẹ̀, igi osè ńlá kan wà níbẹ̀ tí èèpo rẹ̀ rí bí awọ erin. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Odò Ọya ń bọ̀ láti apá kan, Bẹ́núè ń bọ̀ láti apá kejì, wọ́n pàdé níwájú wa. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ mi: “Màmá, ohun tó wà lára ìwé mi nìyí!” Àmì orílẹ̀-èdè wa ló ń wí, apata dúdú tí ìlà funfun méjì ti pàdé di ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń rí àmì yẹn láti kékeré, n kò fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó rí.

Ẹ ó gbọ́ níbẹ̀ pé abẹ́ igi osè yẹn ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó padà di ìyàwó Lugard, jókòó sí tó fi sọ Nàìjíríà lórúkọ. Èmi ò sọ ọ́ fún ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ náà ti jáde ní January 8, 1897, ọdún 1902 ni obìnrin náà tó fẹ́ Lugard. Ohun tó dájú tó fún mi: Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní January 1, 1900, tí Àríwá di ti wọn. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ béèrè àwọn irin méjì tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ìtúsílẹ̀ ẹrú. A dé ibẹ̀, a ò pẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni a lọ sétí odò. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ wá ti kún, kò sì sí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń pe èrò ní kò sí nǹkan kan, pé ojoojúmọ́ làwọn ń sọdá. Mo gbé ọmọ mi sọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú láti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló padà gbé wa. Jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti ṣá, ó ń rùn ẹja, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ àwọn ọmọ láyà kó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Láàárín omi, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àyà mi já. “Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wo ibí yìí.” Omi méjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ wọn ò jọra, ìfófòó tínrín kan ń lọ láàárín wọn bí ojú rírán aṣọ. Kò sí ariwo kankan ju omi tó ń lu pákó lọ. Ọmọ mi ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ọ̀kan, ọkọ̀ sún díẹ̀, ó ti ọwọ́ kan náà bọ èkejì.

Nígbà tí a padà dé èbúté, bàbá náà fi ara ògiri ilé kan hàn wá. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà lára rẹ̀, ó ga ju orí ọkọ àbúrò mi lọ. “Omi 2022 rèé,” ló wí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má kó ọmọ lọ sétí odò yẹn ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, tí omi máa ń kún. Bí ọyẹ́ bá sì ti mú gan-an, ẹ ò ní rí odò láti orí òkè, kùrukùru á ti bò ó. Oṣù Kọkànlá dáa, a sì jẹ ẹja àrọ̀ gbígbóná létí omi lálẹ́, tí ata mú wa sunkún.

Ọmọ mi kì í sùn mọ́ bí a bá ń lọ Àbújá. Tí mọ́tò bá ti gun afárá Murtala Muhammed, á fi ìka kan gíláàsì: “Màmá, Ọya nìkan nìyí o. Kò tíì bá Bẹ́núè pàdé.”