Ta ló lè bá mi dá sí gẹ̀ẹ́sì òfin ogun yìí?

Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi. Kábà ni mo wà, mo fẹ́ kí gẹ̀ẹ́sì mi le dáadáa, ni mo bá ń fi Geneva Convention ti 1949, ìyẹn àdéhùn mẹ́rin táwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí òfin ogun, kọ́ ọ, pàápàá article 3, èyí tó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń sọ nípa ogun abẹ́lé. Kíkà ò le o, kí n wá fẹnu ara mi ṣàlàyé ẹ̀ bíi lọ́yà ló di wàhálà. Wọ́n tún ki "hors de combat" bọ̀ ọ́, Faransé nínú gẹ̀ẹ́sì ṣá! Ó yé mi pé ẹni tí àìsàn, ọgbẹ́ tàbí àhámọ́ ò jẹ́ kó lè jà mọ́ ni, àmọ́ báwo lẹ ṣe ń pè é? "Shall" tó wà nínú ẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé dandan ni ká máa lò ó tá a bá ń kọ tiwa? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè máa fi voice note tún tèmi ṣe?