Wákàtí mi kéré, ṣé ó yẹ kí owó wákàtí mi náà kéré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ́fíìsì ìṣirò owó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kejì, mo dín wákàtí mi kù sí 24 lọ́sẹ̀, nítorí pé owó olùtọ́jú ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù mi lọ. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń ṣe wákàtí 40. Pé owó oṣù rẹ̀ ju tèmi lọ kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé £19 ni wọ́n ń san fún un ní wákàtí kan, tí tèmi sì jẹ́ £17. Ọ̀gá wa ní ẹni tí àwọn lè pè nígbàkúùgbà ló yẹ kó gbà jù. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tóbi: Àbúrò mi, owó wákàtí tí ẹ kò ṣe, ẹ kò lè béèrè rẹ̀; ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bù kúrò lórí wákàtí tí ẹ ṣe, ọ̀rọ̀ òfin ni. Láti 1975 ni òfin ìdọ́gba owó ọ̀yà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ó sì ti wà nínú Òfin Ìdọ́gba ti 2010 báyìí. Òfin mìíràn, ti ọdún 2000, kò gbà kí wọ́n rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ torí pé wákàtí rẹ̀ kéré, àfi tí ìdí gúnmọ́ bá wà. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ béèrè ìdí náà. Acas, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Alágbàṣe: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó ń wá ní Sátidé nígbà tí iṣẹ́ bá já lójijì, ṣé kò yẹ kó gbà jù ni?

Bàbá Tóbi: Ó yẹ, ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n san owó Sátidé náà lọ́tọ̀, kí gbogbo wa rí i.

Ìyá Ìbejì: Nínú ìṣirò ìjọba fún 2024, owó wákàtí obìnrin alákòókò kíkún fi ìdá 7 nínú 100 dín sí ti ọkùnrin, tí a bá mú ẹni tí owó rẹ̀ wà ní àárín gan-an láàárín àwọn yòókù; nígbà tí wọ́n ka àwọn tí wákàtí wọn kéré mọ́ wọn, ó di ìdá 13.1. Àwa ìyá ọlọ́mọ ló pọ̀ nínú àwọn tí wákàtí wọn kéré. Ṣé bàbá wọn kò lè béèrè àyípadà àkókò iṣẹ́ ni? Láti oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́. Ọkọ tèmi gbà, àmọ́ ó ní kí àwọn ará ilé òun ní Ìjẹ̀bú má gbọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá wọn ti gbà láti máa mú ọmọ ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, mo sì ti ń kọ lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Alágbàṣe, ọ́fíìsì wa kì í ṣí ní Sátidé.