Kí ni mo lè fi bo táyà iwájú katakata kékeré?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Kétu ni mo wà. Bí òjò bá ti rọ̀, ojú mi gan-an ni táyà iwájú ń ta ẹrẹ̀ pupa sí. Lánàá, etí aṣọ ni mo fi nu ojú kí n tó rí poro. Mo wá àlòkù ìbòrí rẹ̀ dé Àjàṣẹ́, mi ò rí.

Ajórin kan fẹ́ gé dúróòmù onílítà 200 fún mi, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 58 lọ, táyà mi sì ga tó 66. Yóò há a ni! Bí a bá sì dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, táyà á máa gbá a tí mo bá ti ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Lójú tèmi, ara irin tó ń bá táyà yà sọ́tùn-ún sósì ló yẹ kó wà.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, irin wo lẹ lò? Báwo ni àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹrẹ̀ ṣe fẹ̀ tó?