Ọdún wo ni wọ́n bí ìyá wa àgbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìyá bàbá mi, tó fi adìrẹ ṣíṣe jẹun ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ti papò dà, a sì fẹ́ kọ ọdún ìbí rẹ̀ sí ibojì. Ìwé ìbúra tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà sọ pé ọdún 1925 ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé inú ni òun wà nígbà tí ìyá òun sá Ogun Adùbí wọ oko, tí oyún náà kò sì jẹ́ kí ó lè gbé ju ẹní kan àti ìkòkò kan lọ. Èwo ni kí a gbà?

Èsì: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 1918 ni Ogun Adùbí jà, nítorí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún náà. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà. Oyún tí kò jẹ́ kí èèyàn gbé ẹrù kì í ṣe oyún oṣù méjì, nítorí náà èmi gbà pé ọdún 1918 náà ni wọ́n bí wọn.

Èsì: Ẹ má fi ẹ̀rí kan ṣoṣo parí rẹ̀ o. Ìyá tèmi a máa sọ ìtàn oyún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹ bi àwọn ọmọ wọn léèrè bí wọ́n ti dàgbà tó ní 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án.

Ìdáhùn olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi àbúrò bàbá mi obìnrin, ọmọ kejì ìyá. Ó ní àwọn adìyẹ ṣàdédé wọ ilé lọ sùn lọ́jọ́ náà, ìyá sì ń pariwo pé kí òun sáré ká adìrẹ wálẹ̀ lórí okùn, òun tí òun ti ń dá nìkan pọn omi odò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè dín ní ọdún méje tàbí mẹ́jọ, bàbá mi sì ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1925 ni wọ́n bí ìyá, á jẹ́ pé ọmọdé ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ló bí bàbá mi. 1918 la máa kọ.