Kí ló dé tí àlẹ́jì oúnjẹ àti wàhálà gluten fi wá pọ̀ báyìí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ mi lóúnjẹ

Ìyá Àyánfẹ́, Peckham, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ wú, ọrùn àti àyà rẹ̀ sú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Dókítà ṣe àyẹ̀wò, ó ní àlẹ́jì ni, láti ìgbà náà ni a sì ti ń gbé abẹ́rẹ́ adrenaline kiri. Àbúrò rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fún un ní ohunkóhun tí ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ń ko tèmi: bí mo bá ti jẹ búrẹ́dì, tí mo mu tíì tí mo da mílíìkì sí dáadáa láàárọ̀, inú mi á kún, á sì máa kùn títí di ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní gluten, ìyẹn púrótéènì inú àlìkámà, ló ń dà mí láàmú, pé kí n yọwọ́ nínú gbogbo ohun tó bá ní àlìkámà.

Ìyá mi, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá mi tọ́mọ, ní ẹ̀pà ni òun fi tọ́ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pé òun kò rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wú rí ládùúgbò, pé ìlú òyìnbó ló ń kó irú èyí bá èèyàn. Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan yìí ń pọ̀ sí i, àbí àyẹ̀wò ló pọ̀ jù? Kí ni kí n ṣe sí ti ọmọ kékeré yìí, kí sì ni kí n ṣe sí búrẹ́dì tèmi?

Bàbá Tísà, Ìbàdàn

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Màmá rẹ kò parọ́, ohun tójú wọn tó ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ògùn, ọmọ tí wọ́n bá já lẹ́nu ọmú, tó wá ń rù, tí ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé oúnjẹ wo ni ara rẹ̀ kọ̀. Wọ́n á ní àbíkú ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é, bó bá sì kú, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nítorí náà, pé a kò mọ̀ ọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Síbẹ̀, n kò gbà pé àyẹ̀wò nìkan ló fà á. Àlìkámà òde òní ni mo ń fura sí, nítorí pé ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti sọ irúgbìn rẹ̀ di kúkúrú kó lè máa so púpọ̀. Kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Birmingham

Ìyá Àyánfẹ́, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ti ẹ̀pà ni kí n dáhùn, nítorí pé ó wà lára ohun tí mò ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1998, ìmọ̀ràn tí ìjọba Britain fún àwọn ìdílé tí àlẹ́jì wà nínú wọn ni pé kí aboyún àti abiyamọ yẹra fún ẹ̀pà bí wọ́n bá fẹ́, kí ọmọ wọn má sì jẹ ẹ́ títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2000. Kàkà kí àlẹ́jì ẹ̀pà rọlẹ̀, ńṣe ló ń gbilẹ̀. Nígbà tó yá, Gideon Lack, dókítà àlẹ́jì ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London rí i pé àwọn ọmọ Júù tó ń dàgbà ní Britain ní àlẹ́jì ẹ̀pà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn ọmọ Júù tó wà ní Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹ ìpápánu ẹ̀pà kan tí wọ́n ń pè ní Bamba kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ìran kan náà ni wọ́n, ilẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà ló yàtọ̀.

Wọ́n wá kó ọmọ-ọwọ́ 640 jọ, àwọn tí eczema, ìyẹn àìsàn awọ tó ń yún tó sì ń bó, ń bá jà gidigidi tàbí tí ẹyin kò bá lára mu. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn yòókù má ṣe jẹ ẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, 17.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ́ ló ní àlẹ́jì, ṣùgbọ́n 3.2 péré ni láàárín àwọn tó jẹ ẹ́. Ní 2015 ni wọ́n gbé àbájáde yìí síta, òun ló sì yí ìmọ̀ràn ìṣègùn padà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ti bó, tí ìyẹ̀fun ẹ̀pà inú ilé kọ́kọ́ gba awọ wọ inú ara rẹ̀, ara á kà á sí ọ̀tá. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló kọ́kọ́ gbà wọlé, ara á mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ. Ẹ wá rí i pé màmá yín ti ṣe ohun tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba àwọn ìyá níyànjú láti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a dán wò fúnra yín, nítorí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, pàápàá bí ara ọmọ náà bá ń yún un tàbí tó ń bó. Bí wọ́n bá ní kò sí ewu, nígbà tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná dáadáa, díẹ̀ lórí ṣíbí tíì, mọ́ ògì tó ṣàn, kí ẹ sì máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe fún un ní ẹ̀pà oníhóró, nítorí pé ó lè há a lọ́fun. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má sì sí nítòsí, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹnu ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Akin, Houston

Bàbá Tísà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ jiyàn díẹ̀. Donald Kasarda, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, tú àkọsílẹ̀ àlìkámà ilẹ̀ wọn wò ní 2013, kò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé gluten inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tó rí i pé ó ń pọ̀ ni gluten gbígbẹ tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi kún oúnjẹ lọ́tọ̀.

Lórí bóyá àyẹ̀wò ló pọ̀, ẹ̀rí kan wà tó wù mí jù gbogbo rẹ̀ lọ. Láàárín 1948 sí 1954, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó lé ní 9,000 ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú kan ní Wyoming, nítorí ìwádìí kan tí kò kan oúnjẹ rárá, ẹ̀jẹ̀ náà sì wà nínú yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wá yẹ̀ ẹ́ wò fún àmì àìsàn celiac, ìyẹn èyí tí gluten ń mú kí ara máa ba ìfun ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fi wé ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn òde òní. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé àìsàn náà ti pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Àyẹ̀wò kan náà ni wọ́n ṣe fún ẹ̀jẹ̀ méjèèjì, nítorí náà a kò lè sọ pé ojú dókítà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àbùdá ìran ènìyàn kì í sì í yí padà láàárín àádọ́ta ọdún. Ìgbé ayé ló yí.

Kò sì yọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọdé wò ní South Africa, 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àlẹ́jì oúnjẹ tó dájú ní Cape Town, nígbà tó jẹ́ 0.5 ní ìgbèríko Mqanduli. Àwọn ọmọ ìgbèríko ń dàgbà láàárín ẹran ọ̀sìn àti ilẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí èyí mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wọn tètè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bá jà.

Ìyá Àyánfẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi búrẹ́dì sílẹ̀. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín, àmì celiac lè pòórá, àyẹ̀wò á sì ní kò sí nígbà tó wà. Ìlànà tó wà ní Britain ni pé kí ènìyàn máa jẹ gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, ṣáájú àyẹ̀wò. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀ láàárín wa bíi ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ó ń mú wa.

Bí kò bá jẹ́ celiac ńkọ́? Ní Oslo, wọ́n kó ènìyàn 59 tó ti fi gluten sílẹ̀ fúnra wọn jọ, wọ́n sì fún wọn ní ìpápánu tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú èsì tó jáde ní 2018, fructan, irú ṣúgà kan tó wà nínú àlìkámà, ló da inú wọn láàmú ju gluten lọ. Fructan yìí kan náà wà nínú àlùbọ́sà àti aáyù, ẹ sì mọ bí a ṣe ń da àlùbọ́sà sí ọbẹ̀.

Dáyọ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó béèrè nípa tíì yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ da mílíìkì sí i dáadáa. Láàárín àwọn ọdún 1970, Olikoye Ransome-Kuti, kó tó di mínísítà ètò ìlera, àti Norman Kretchmer, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa èyí ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni inú wọn kò lè da ṣúgà inú wàrà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Èyí kì í ṣe àlẹ́jì, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Ó ti wà lára wa kí búrẹ́dì tó dé. Ẹ jẹ búrẹ́dì láìsí mílíìkì fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wo bí inú yín ṣe máa rí.

Ìyá Àyánfẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Tísà, ẹ kú àánú wa, sà. Mílíìkì kò wá sí mi lọ́kàn rí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń mu ún. Búrẹ́dì ò kúrò nílé, tíì ló máa di dúdú láti ọ̀la, mo sì máa ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo bá gbé ọmọ lọ rí dókítà. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: a ní òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, oúnjẹ ilé wa ni wọ́n máa sè. Ṣé ó yẹ kí n máa bẹ̀rù?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Sùyà ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí pé kúlíkúlí lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe yájì tó wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jẹ ẹ́ ni kò sì mọ̀. Ẹ béèrè òróró tí wọ́n fi din àkàrà àti dòdò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu oúnjẹ fún ọmọ náà lẹ́yìn yín, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà nínú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín, kó má ṣe wà nínú ọkọ̀.