Vape ₦95,000 àbí disposable tí mò ń rà lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀: èwo ló pé èèyàn ní Adó níbí?

Ọmọ_Ajílósùn

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bú mi, ìbéèrè ni mo ní. Mo ti ń mu sìgá tipẹ́, láti ìgbà tí mo ti wà ní póòlì, àwa tá a máa ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ oníkíósì kí ọjọ́ tó mọ́ dáadáa. Ìyàwó mi wá fárí gá pé òórùn ẹ̀ ti wọ kọ́tìnì, ó ti wọ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wa kékeré náà sì ń wúkọ́, ni mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí mo bọ́ sórí vape, sìgá oníbátìrì yẹn.

Disposable ni mò ń rà, èyí téèyàn ń lò tán tó ń jù nù, wọ́n kọ 5000 puffs sí i lára, ìyẹn fífà ẹgbẹ̀rún márùn-ún. ₦8,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á fún mi, ó ti di ₦12,000 báyìí, bí mo bá fà á tó bí mo ṣe fẹ́ kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì gan-an jùùsì ṣì wà nínú ẹ̀ tó ti ń rùn bí òwú tó jóná. Ibo ni 5000 yẹn wà?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n tẹ́tí sí ọ̀gá kan tó ń ta fóònù lápá Fájuyì. Ó mú ọ̀kan jáde, onírin, ó ní screen lójú, bátìrì ńlá méjì ló ń lò, ó ní ₦95,000 jálẹ̀, pé tí mo bá ti lè ra ìyẹn mi ò tún ní náwó sórí vape mọ́ láyé mi. Ẹnu ẹ̀ dùn ṣá. Mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lo méjèèjì bóyá òótọ́ ni, torí owó yẹn kì í ṣe owó tí mo lè fi tage, mo sì fẹ́ jáwọ́ nínú gbogbo ẹ̀ níjọ́ kan. Ẹ ṣé o.

Iyán_Alẹ́

₦95,000 fún èéfín? Ọ̀gá, ẹ fi ra iṣu kẹ́ ẹ kó o sílé, ìyàwó yín á gbàdúrà fún yín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ bèèrè nìyẹn.

Kọ́ìlì_Máàsítà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Iyán_Alẹ́ sílẹ̀, ebi ló ń pa á.

Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín ò parọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán náà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó lè yé yín. Vape èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ti ₦8,000 tàbí ti ₦200,000, bátìrì ni, ibi tí jùùsì ń wọ̀ sí ni, kọ́ìlì sì ni. Wáyà tín-ín-rín ni kọ́ìlì yẹn, òwú wà lára ẹ̀ tó ń fa jùùsì mu, bẹ́ ẹ bá ti fà á iná bátìrì á mú wáyà náà gbóná, jùùsì á di ooru, ẹ ó fà á sínú. Ó tán. Adùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́nu, bó ṣe ń ta yín lọ́fun, kọ́ìlì àti jùùsì ló ni ín, kì í ṣe irin tó wà níta. Owó ńlá tẹ́ ẹ fẹ́ san yẹn, ara irin ló ń lọ, screen, àti chip tó ń darí iná. Chip kan wà tó ń jẹ́ DNA, ilé iṣẹ́ Evolv ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi yangàn, Geekvape náà ní Aegis tí omi àti ìṣubú kì í tètè rí gbéṣe. Gbogbo ẹ̀ dáa, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìdí sìgá bọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó burú jù nìyí, bóyá kò tiẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Àwọn bọ́kìsì ńlá oníbátìrì méjì yẹn, ẹni tó fẹ́ tú èéfín bolẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Kọ́ìlì wọn kì í sábà ju 0.2 ohm sí 0.4 lọ (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná, bó bá ṣe kéré sí ni èéfín ń pọ̀ sí), jùùsì tó yẹ inú wọn sì jẹ́ 3mg tàbí 6mg nikotíìnì nínú ml kọ̀ọ̀kan. Disposable tẹ́ ẹ ń fà lọ́wọ́ yẹn, ẹ wo ara páálí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí 5%, ìyẹn 50mg nikotíìnì nínú ml kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá lọ da irú jùùsì bẹ́ẹ̀ sínú bọ́kìsì ńlá, orí á fò yín lọ, ẹ sì lè bì. Mo ti rí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì nítorí ẹ̀.

Ti 5000 tẹ́ ẹ ń wá, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kà á nílé iṣẹ́, fífà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, a máa kúrú. Ta ló ń fà á bẹ́ẹ̀ nínú wa? Bó bá sì ti ń rùn bí òwú tó jóná, òwú ló ti gbẹ tàbí tó ti dúdú, ẹ má fipá fà á.

Èyí tó yẹ yín wà láàárín méjèèjì, pod kékeré tó ṣeé rọ jùùsì sí, tó ń lo ṣájà fóònù. Vaporesso XROS, Uwell Caliburn, irú ìyẹn. Níbi tí mo ti rà tèmi kò tó ìdajì ₦95,000. Ẹ wá gbọ́ ìṣirò: disposable yín, ká ní jùùsì inú ẹ̀ jẹ́ 10ml, ₦12,000. Ìgò salt, irú jùùsì nikotíìnì tí wọ́n ń lò nínú pod, 30ml tí mò ń rà, ₦13,000 ni. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni 30ml máa kún pod onímilílítà méjì. Ẹ yọ owó kọ́ìlì kúrò níbẹ̀ o, torí kọ́ìlì ń kú, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí jùùsì bá dùn jù bíi súgà á tètè dúdú. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, kó tó oṣù méjì, owó tẹ́ ẹ fi ra pod á ti padà síbi tó ti jáde.

Kí n tó dákẹ́: ẹ má ra nǹkan tí kọ́ìlì ẹ̀ kò sí ní Adó. Ó dà bí ẹni tó ra ọ̀kadà tuntun tí wọn ò ta plọ́ọ̀gì ẹ̀ ní gbogbo Èkìtì. Ẹ padà sí Fájuyì, kẹ́ ẹ ní kó kó kọ́ìlì bọ́kìsì yẹn márùn-ún wá kẹ́ ẹ rí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Èkó ni wọ́n ti ń fi wéébìlì ránṣẹ́ sí mi", ẹ dágbére fún un.

Sọ́lá_Ìwòròkó

Máàsítà gbìyànjú ṣùgbọ́n ẹ̀yin oní-pod ẹ kì í sọ ti wàhálà ẹ̀ fáwọn èèyàn. Mo ti lò ó rí. Jùùsì á jò sínú àpò ṣòkòtò, ẹ ó fi ìka nù ún, ìka á máa yọ̀, ẹ tún gbọ́dọ̀ máa gbé ìgò kiri bí ẹni ń ta oògùn ojú. Alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́, níbi ayẹyẹ ni mo máa ń wà, DJ ni mí. Bí disposable bá bọ́ sọnù nínú kẹ̀kẹ́ màá kàn kẹ́dùn díẹ̀ ni. Bí ti ₦40,000 bá bọ́ sọnù ńkọ́? Àti iná o! Àdúgbò wa, wọ́n á mú iná lọ láti àárọ̀ Sátidé, ẹ ò ní rí i títí dìgbà tí wọ́n bá ṣàánú yín. Ẹni tí fóònù ẹ̀ gan-an ò rí iná mu, vape ló fẹ́ wá ṣájì?

Kọ́ìlì_Máàsítà

Sọ́lá, disposable tó pọ̀ lọ́jà báyìí náà ní ihò ṣájà nídìí, torí bátìrì wọn kì í bá jùùsì dópin. Power bank tó o fi ń ṣájì fóònù á ṣájì pod ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti pé ó ń jò, òótọ́ ni, àgàgà bó o bá rọ ọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀ tàbí tó o bá fi sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn. Ti pé ó lè sọnù, mi ò ní èsì fún ìyẹn, má gbé e lọ síbi ayẹyẹ.

Ọmọ_Ìkọ̀lé_nílùú_ọba

Ẹ káàárọ̀ ilé o. Ibi tí mo wà ní ìlú ọba níbí, wọ́n ti fi òfin dá disposable dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó tún gbọ́dọ̀ tà á. Nítorí ìdọ̀tí ni, àti torí àwọn ọmọdé, bátìrì lithium ni wọ́n ń jù sínú garawa pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá wá rún mọ́ra nínú ọkọ̀ akódọ̀tí á gbiná. Belgium ti ṣáájú wọn lóṣù kìíní ọdún yẹn kan náà. Nikotíìnì tí òfin gbà láàyè níbí kò ju 20mg nínú ml kan lọ, pod ò sì gbọ́dọ̀ gbà ju 2ml lọ. Ìdí nìyẹn tí 50mg tẹ́ ẹ ń fà nílé fi ń bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Èmi ní Aegis Legend, oníbátìrì méjì, mò ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́, ó ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀ mo ṣan ẹsẹ̀ mo ṣan òun náà, ó ń ṣiṣẹ́. Fún mi owó ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì ẹ̀ wà ní òpópónà kejì sílé mi. Nígbà tí mo wálé ní Kérésì, pod kékeré ni mo mú dání, Aegis dúró síbí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tí bátìrì ẹ̀ ń yọ síta ṣáá, àwọn bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650 yẹn, kó fetí sílẹ̀: bí ọ̀rá tó wé e lára bá ti ya, má lò ó mọ́. Má sì kó o sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ, irin á so orí ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó lè gbiná mọ́ ẹ lára. Inú ike ẹ̀ ni kó máa gbé.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́

Bọ̀dá, mo ka gbogbo ẹ̀, ẹ ti sọ owó sọ owó, kò sẹ́ni tó dáhùn ibi tẹ́ ẹ ti ní ẹ fẹ́ jáwọ́.

Ìyẹn gan-an ni pod fi sàn ju disposable lọ lójú tèmi. Iye nikotíìnì tí wọ́n bá dì sínú disposable lẹ máa fà, 50 lónìí, 50 lọ́dún tó ń bọ̀. Pod ni ẹ lè fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra 35, bí ara bá ti gbà á ẹ bọ́ sí 20, ẹ tún lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹ ti ń fà á lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti tètè sọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ dúró díẹ̀. Gọ́ọ̀mù nikotíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wà pẹ̀lú fún ẹni tó bá rí i rà, ẹ bi dókítà.

Mi ò ní sọ pé vape dáa fún ara, kò dáa, nikotíìnì ń so èèyàn mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá mu sìgá tẹ́lẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án rárá. Ṣùgbọ́n sìgá ń jó, jíjó yẹn ló ń mú ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, vape kì í jó ewé. Torí náà ẹni tó bá pa sìgá tì pátápátá ló rí èrè ẹ̀. Ẹni tó ń fa vape lọ́sàn-án tó ń mu sìgá lálẹ́, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgò jùùsì yẹn, ẹ tì í pa mọ́. Òórùn máńgòrò ló ń rùn, ọmọ kékeré á rò pé ohun mímu ni, májèlé sì ni fún un. Ẹ má fà á nínú yàrá tí ọmọ wà, kẹ́ ẹ sì gbé ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má kàn rò pé sìgá nìkan ló fà á.

Sọ́lá_Ìwòròkó

Nọ́ọ̀sì ti bá mi wí láìdárúkọ mi.

Iyán_Alẹ́

Ẹni tó ń tà á fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ńkọ́? Òfin tábà ti 2015 ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó tún ní inú páálí ẹlẹ́yọ ogún ni kí wọ́n máa tà á, ẹ wo oníkíósì tó ń já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n. Ti vape aláwọ̀ mèremère tó ń rùn bí súwíìtì yìí ló wá ń dùn mí jù, ta ni wọ́n ṣe é fún gan-an?

Ọmọ_Ajílósùn

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, a ti gbé ọmọ lọ, wọ́n ti fún un lóògùn. Mo padà dé Fájuyì lánàá, mo bèèrè kọ́ìlì bọ́kìsì yẹn bí Máàsítà ṣe ní kí n ṣe, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù ẹ̀, ó ní tó bá di Wẹ́sìdé wọ́n á fi ránṣẹ́ láti Èkó. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá mú XROS kan jáde, ó ní pod ẹ̀, ìyẹn orí ẹ̀ tí kọ́ìlì àti jùùsì ń wà nínú ẹ̀, wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, 0.6 ohm, 0.8 àti 1.0. Èwo ni kí n mú? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Kọ́ìlì_Máàsítà

1.0 ni kẹ́ ẹ mú, pẹ̀lú salt 35mg bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, torí bó ṣe ń fà ló jọ sìgá jù. 0.6 á tú èéfín jù fún irú jùùsì yẹn. Ti ayédèrú, páálí ẹ̀ ní ibi tí wọ́n lẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ẹyọ owó ha, kóòdù wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi fóònù yín wò ó lórí sáìtì àwọn tó ṣe é kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á kẹ́ ẹ tó dé, ẹ má gbà á.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ rọ jùùsì sí i, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òwú mu ún yó. Ẹ má fà á kíákíá o, fífà àkọ́kọ́ tí òwú bá fi jóná, pod yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ ó lọ ra òmíràn. Pod XROS bá ara wọn mu, ti àtijọ́ ti tuntun, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ tún ra ẹ̀rọ míì nítorí ẹ̀.